AFÁRÁ EGUNGUN: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ IHÒ, AGBÁRA ÀTI ÈDÈ

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà láàárín wa. Ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe ni iṣẹ́ tèmi. Ẹni tí ń ka ewì tí ó wá dìde láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ohun tí egungun yóò hù wọ inú rẹ̀, ó jọ ẹni tí ó fi oko tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó lọ ń ro oko olóko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ lódì, àṣìtúmọ̀ náà sì pa ẹnì kan lára.

Ìyá kan wà ní Igbósẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ìdílé wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, egungun ojúgun rẹ̀ sì fọ́ ní ìsàlẹ̀ orúnkún gan-an. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wo àwòrán rẹ̀, wọ́n rí i pé bí àwọn bá to egungun náà padà sí ipò rẹ̀, àyè ṣófo kan yóò kù láàárín tí egungun ti run mọ́lẹ̀. Oníṣègùn ọ̀dọ́ kan tí kò gbọ́ Yorùbá ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ fi ohun kan dí àyè náà, ohun tí ó ní ihò wẹ́wẹ́, tí egungun ìyá fúnra rẹ̀ yóò máa hù wọ inú rẹ̀. Scaffold ni ó pè é. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Mo ní, “Ìyá Àgbà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi irú igi tí àwọn bíríkìlà máa ń tò mọ́ ara ilé sí yín lẹ́sẹ̀, kí egungun lè rí ohun gùn.”

Ìyá Àgbà wò mí títí. Láàárín Campos àti ọjà Sandgrouse ni ó ti dàgbà, ní àdúgbò tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti fi iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ṣe orúkọ. Kò sí ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ nípa igi ìkọ́lé. Ó ní, “Ọmọ mi, nígbà tí ilé bá parí, ta ni yóò wá tú igi náà?” N kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Ó wà láàyè títí di òní, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn. Oníṣègùn yẹn kò jẹ̀bi. Èmi tí mo fi èdè ṣe iṣẹ́ ni mo jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń yọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè. Ohun tí mo bá bọ̀ ni pé ìbéèrè Ìyá Àgbà gan-an ni ìbéèrè tí ó le jù lọ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun fúnra rẹ̀. (Mo bẹ àwọn tí yóò tẹ ìwé yìí kí wọ́n má ṣe ṣi àmì ohùn sí i o. Bí wọ́n bá fi àmì òkè sí i lórí, ọ̀rọ̀ ará ọ̀run ni àwọn òǹkàwé yóò rò pé mo wá sọ.) Nínú àròjinlẹ̀ wa, òkú ohun ni egungun: ohun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ẹran bá ti jẹrà tán. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti egungun alààyè. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sán àti òru. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó o, àwọn mìíràn ń mọ ọ́n, débi pé nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 egungun ni à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ìta rẹ̀ le, ó sì dí: ihò inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 sí 10 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ́ orí egungun màlúù láti mu mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ti rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni inú rí. Ọ̀wọ́n tín-ín-rín tín-ín-rín ni ó kún ibẹ̀, wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n, àyè tí ó wà láàárín wọn sì lè tó ìdá 50 sí 90 nínú 100. Òfìfo ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń gbé wa rìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1866, ní ìlú Zürich, Karl Culmann, ẹnjiníà tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣírò agbára afárá àti ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè, rí orí egungun itan tí Hermann von Meyer, onímọ̀ ẹ̀yà ara, là sí méjì. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Bí àwọn ọ̀wọ́n wẹ́wẹ́ náà ṣe tẹ̀ tí wọ́n sì gba ara wọn kọjá jọ àwọn ìlà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń yà láti fi hàn bí ẹrù ṣe ń gba inú irin ẹ̀rọ kọjá. Ní ọdún 1892, Julius Wolff, oníṣègùn ará Jámánì, gbé ìwé jáde tí ó fi sọ ọ́ di òfin: ibi tí ẹrù bá wà ni egungun ń nípọn sí, ibi tí ẹrù kò bá sí ni ó ń fẹ́lẹ́ sí. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tún òfin náà ṣe ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí afárá ṣì ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Yorùbá ní orúkọ kan fún àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí dòjé: fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí ó fi òní kú tí ó fi ọ̀la dìde. Nígbà tí mo kà nípa àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì yẹn, mo rí i pé orúkọ yìí bá egungun ẹni tí ara rẹ̀ le mu pátápátá, nítorí kíkú àti dídìde ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé nínú ara àwọn tí ó ní àìsàn náà gan-an, ẹ̀jẹ̀ lè dí mọ́ ojú ọ̀nà tí ó lọ sí orí egungun itan, orí egungun náà a kú, kò sì ní dìde mọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ tí ó ní àìsàn yìí tó Nàìjíríà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni mo mú wá.

Àwọn baba wa kò jókòó tẹtẹrẹ níwájú egungun tí ó ṣẹ́. Àwọn tí ń to egungun ní ilẹ̀ Yorùbá mọ bí a ṣe ń fa ẹsẹ̀ tí a ó fi padà bọ̀ sípò, tí a ó fi ọparun tàbí igi pẹlẹbẹ dì í, tí a ó sì fi òrí pa á. Àwọn mìíràn nínú wọn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ti ènìyàn, pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ adìẹ yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ilé ìwádìí ńláńlá náà kì í fi ohun tuntun sínú egungun ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti fi sínú ti ehoro tàbí àgùntàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: ìdè tí ó bá fún jù ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ àti apá jẹrà, tí a fi gé wọn. Ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ti gba ọ̀pọ̀ irú wọn.

Àti atò-egungun o, àti oníṣègùn Igbóbì o, ohun kan ṣòro fún àwọn méjèèjì láti tò, èyíinì ni egungun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí àlàfo bá ti gbòòrò kọjá ìwọ̀n kan, etí méjèèjì kò ní lè pàdé títí láé. Ọ̀nà tí ó dára jù láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí a bu egungun díẹ̀ láti ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀, kí a fi dí i. Ṣùgbọ́n èyí tí a lè bù kò pọ̀, ojú ọgbẹ́ kejì a sì máa dunni. Bí a bá fi odidi irin títáníọ́mù dí i, líle irin náà tó ìlọ́po márùn-ún ti egungun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin náà ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù, egungun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò di ọ̀lẹ, gẹ́gẹ́ bí òfin Wolff, yóò sì máa joro. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yíjú sí ohun tí ó ní ihò.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ télọ̀. Ẹ̀rọ CT yóò ya àwòrán egungun ní ìpele ìpele, bí ẹni gé búrẹ́dì; kọ̀ǹpútà yóò to àwọn ìpele náà padà, a ó sì rí àlàfo náà pẹ̀lú gbogbo igun àti kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ara oníbàárà ni ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé: irú ihò wo ni a ó yà, báwo ni yóò ṣe fẹ̀ tó, mélòó ni yóò sì jẹ́?

Ihò gbọ́dọ̀ já sí ihò, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà yóò kú. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ní 1970, Hulbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ihò tí kò bá fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kò ní gba egungun láyè. Ní 2005, lẹ́yìn tí Karageorgiou àti Kaplan ti gbé ìwádìí ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹ̀ wò, wọ́n dá a lámọ̀ràn pé kí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ ibẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ihò pọ̀, kí ó sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn yóò dìde, yóò tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní Èkó yìí, kò yẹ kí a tún máa sọ fún ara wa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun tí a kọ́ kò bá lè gbé ohun tí a gbé kà á. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, àwọn ọmọdé sì kú nínú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò ní àánú. Gibson àti Ashby fi hàn ní 1982 pé bí a bá yọ ìdajì ohun kan kúrò nípa yíya ihò sí i, líle rẹ̀ kì í kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó sábà máa ń kù. Bí a bá yọ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìdá kan nínú 25 péré ni. Ohun tí ó jẹ́ ewu fún ohun ẹlẹgẹ́ yìí wá di oore fún irin: bí a bá yọ ìdá 60 nínú 100 títáníọ́mù, líle rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ ti egungun. Kọ̀ǹpútà a pín ohun tí a yà sí ẹyọ wẹ́wẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún nígbà mìíràn, a sì máa ṣírò ẹrù tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí Bendsøe àti Kikuchi ti gbé ọ̀nà kan jáde ní 1988, a tún lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé: ìwọ̀n ohun èlò tí mo ní nìyí, ẹrù tí yóò gbé nìyí, lọ pín in fúnra rẹ. Yóò máa yọ níbi tí kò wúlò, yóò máa kún ibi tí ẹrù wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán tí ó ti ibẹ̀ jáde, mo rò pé egungun tí Culmann rí ni wọ́n tún yà.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1970, Alan Schoen, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní NASA ní Amẹ́ríkà, gbé àwòrán kan jáde tí ó pè ní gyroid. Ẹ fojú inú wo awẹ́ aṣọ kan tí ó ń lọ́ káàkiri láìsí ìlà tí ó tọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí ó pín àyè sí ọ̀nà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn níbi gbogbo ṣùgbọ́n tí wọn kì í pàdé. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lára ìyẹ́ labalábá kan. Ìlà kan ni ó tó láti júwe rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà:

sin x cos y + sin y cos z + sin z cos x = 0

Bí a bá fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò òdo tí ó gbẹ̀yìn, ọ̀nà kan yóò fẹ̀, èkejì yóò sì dín. Bí a bá sọ x, y àti z di ìlọ́po, àwọn yàrá inú rẹ̀ yóò kéré sí i. A lè jẹ́ kí ó dí ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí egungun ti rí. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ewì, ìlà tí ó gbé ohun tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lójú mi. Ẹwà nìkan sì kọ́ ni a fi yàn án. Ìwádìí kan ní 2008 fi hàn pé inú kòtò ni ẹran ara tuntun ti ń yára hù jù, kì í ṣe orí gegele, gyroid sì kún fún ibi tí ó tẹ̀ wọnú.

Ó wá ku ìbéèrè Ìyá Àgbà: ta ni yóò tú u? Igi bíríkìlà wà ní ìta ilé, ènìyàn ni ó sì ń tú u. Èyí tí à ń sọ yìí wà ní inú, egungun ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tí yóò wá tú u. Títáníọ́mù kì í kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ amọ̀ tí a fi èròjà egungun ṣe, tàbí irú ike kan tí wọ́n ń pè ní polycaprolactone, ara fúnra rẹ̀ ni yóò tú u: omi ara yóò máa yọ́ ọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń wó egungun yóò máa jẹ ẹ́. Bí ó bá yára yọ́ jù, ilé yóò wó kí ògiri tó gbẹ. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò gba ipò tí ó yẹ kí egungun wà. Olùyàwòrán gbọ́dọ̀ ṣírò bí ohun rẹ̀ yóò ṣe rí lónìí àti bí yóò ṣe rí ní oṣù kẹfà àti ní oṣù kejìlá, nígbà tí ó bá ti di ìdajì ara rẹ̀, tí egungun sì ti di ìdajì yòókù. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù, nítorí ara ènìyàn kì í tẹ̀lé ìṣirò bí irin ṣe ń tẹ̀lé e.

Kí ni kí a wá pè é? Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdánwò Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa béèrè bóyá èdè wa lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ wò. Ajere ní ihò, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ni ihò náà wà, inú rẹ̀ ṣófo. Kànìnkànìn ní ihò tinú tòde, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù. Àgò adìẹ gbé ara rẹ̀ ró, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni. Bí a bá kàn fi ohùn Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, igi bíríkìlà ni a tún gbé dé.

Afárá ni mo bá dúró. Ohun tí ó so etí omi méjì pọ̀ ni a ń pè bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí afárá Carter ti so Èkó mọ́ òkè odò láti 1901. Ilé tí oyin fi ìda mọ, tí ó kún fún yàrá wẹ́wẹ́, ni a tún ń pè bẹ́ẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n tàbí méjì tí ó jọra, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá mi yanjú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ pè lórúkọ nínú egungun jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó so etí méjì tí ó jìnnà síra wọn pọ̀, ó sì jẹ́ yàrá wẹ́wẹ́ tí ohun alààyè yóò kún. Àléébù rẹ̀ ni pé afárá orí omi kì í yọ́, ó kéré tán kì í ṣe pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó kọ́ ọ. Mo gba àléébù yẹn. Afárá oyin ń yọ́.

Àwọn ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Adéọlá Olúbámijí, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì ti Àgọ́-Ìwòyè, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Saskatchewan ní Kánádà ní 2017. Afárá tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ara polycaprolactone ni ó ṣiṣẹ́ lé lórí, fún irú egungun rírọ̀ tí ó wà ní oríkèé, ó sì wo bí ìrísí ihò ṣe ń yí líle rẹ̀ padà. Ní àwọn yunifásítì wa nílé, àwọn onímọ̀ ti ń fi iná tí ó gbóná gidigidi jó egungun màlúù láti yọ èròjà tí a fi ń ṣe amọ̀ egungun. Èyí tí ó wà ní odò ẹran lójoojúmọ́ pọ̀ ju èyí tí ilé ìwádìí kankan lè lò tán. Ọ̀nà ṣì jìn láti inú ìkòkò ìjóná dé inú ẹsẹ̀ ènìyàn. Ihò tí kọ̀ǹpútà yà àti ihò tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde kì í fi ìgbà gbogbo bára mu, àlàfo ńlá nínú egungun tí ń gbé gbogbo ara sì ṣì ń dá àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ yìí láàmú.

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo padà lọ sí Igbósẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ìyá Àgbà, mo ṣì í sọ nígbà náà. Afárá ni, irú ti oyin. Egungun yín ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá, ara yín ni yóò sì jẹ ẹ́ tán, kò sí bíríkìlà tí yóò wá tú nǹkan kan.” Ó bá mi fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí orúkọ náà, ó sì gbà á. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa. Yóò tó ọdún mélòó kí ara tó jẹ ẹ́ tán?” Mo sọ fún un pé ohun tí a bá fi ṣe é ni yóò sọ: irú amọ̀ kan lè lọ láàárín ọdún kan sí méjì, ike yẹn lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, amọ̀ tí iná bá mú le jù sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó béèrè èyí tí ó bá ọjọ́ orí òun mu nínú wọn. Mo ní n ó lọ bi àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, mo sì ti gbé ìbéèrè náà dé iwájú wọn.